Ọjọ́ Tí Ẹsẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Kanlẹ̀ Lọ́nà Ìlọrà

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀kan nínú yín gun ọ̀kadà kọjá níwájú ilé yìí lánàá. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó mọ ara rẹ̀. Ó rí mi lórí àga, ó na ọwọ́ kan sókè, ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!" Kí n tó ya ẹnu pé "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," eruku rẹ̀ nìkan ló kù tí mò ń dá lóhùn. Ìyàwó mi ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní kò sí nǹkan. Irọ́ ni mo pa fún un. Ọjọ́ kan ni ọmọ náà rán mi létí, ọjọ́ tí èmi náà kí àgbàlagbà kan báyìí tí n kò dúró gbọ́ èsì. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ń ti ilẹ̀kùn láti àárọ̀ yìí kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ẹ jókòó.

Nígbà tiwa, kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé bí ó ti dà lónìí. Bí ẹ bá jí ní Fìdítì láàárọ̀, kí àkùkọ tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ ó ti máa gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń gbé ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó bọ̀ láti oko. Etí wa mọ aago oníkálùkù. Aago kẹ̀kẹ́ bàbá mi ń dún bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Ti tíṣà àdúgbò wa kì í dún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí tíṣà kì í fi nǹkan ṣòfò. Ẹnìkan wà tí aago tirẹ̀ ti já, ẹnu ni ó fi ń ṣe é, "Kírín o! Kírín o!", gbogbo wa sì ń yà fún un.

Ọ̀dọ́ tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́, tí ó pàdé àgbà tó ń fẹsẹ̀ rìn, yóò sọ̀ kalẹ̀. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Yóò fi kẹ̀kẹ́ ti ara igi, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò béèrè ilé, yóò béèrè oko, kí ó tó tún gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Láti Fìdítì dé Jọ́bẹ̀lẹ̀, ènìyàn lè sọ̀ kalẹ̀ nígbà mẹ́wàá. Ìyẹn ni àwọn ìyá wa fi máa ń fura sí ọmọ tó bá tètè dé láti ọ̀nà jíjìn: wọ́n á ní kò kí ènìyàn dáadáa. Lónìí, títì ńlá ti gba ẹ̀yìn wa kọjá, mọ́tò ń fò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ láìmọ̀ pé Fìdítì ń bẹ. Gíláàsì wọn wà ní títì pa. Ta ni wọn yóò kí?

Ọjọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú ọdún tí a kì í sọ̀ kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì ọdún tuntun, ẹgbẹ́ wa máa ń gun kẹ̀kẹ́ gbafẹ́ lọ sí Ìlọrà. A kò ru ẹrù, ẹnikẹ́ni kò rán wa níṣẹ́. A kàn ń lọ ni. Mùsùlùmí wà nínú wa, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi wà nínú wa. Bí a ṣe ń jẹ ẹran Iléyá lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí náà ni wọ́n ń jẹ ìrẹsì ọdún lọ́dọ̀ àwa ọmọ ìjọ. A ó fọ kẹ̀kẹ́ títí irin rẹ̀ yóò fi máa dán, a ó fi rọ́bà táyà àlòkù so ẹsẹ̀ ṣòkòtò kí ṣéènì má baà gbé e. Òfin kan ni gbogbo wa ń tẹ̀ lé: bí a bá ti kúrò ní ìpẹ̀kun ìlú, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kanlẹ̀ títí a ó fi rí òrùlé àkọ́kọ́ ní Ìlọrà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kanlẹ̀, Ẹlẹ́sẹ̀-Nílẹ̀ ni a ó máa pè é títí ọdún yóò fi yípo, ìbáà jẹ́ níwájú àna rẹ̀.

Bí a bá wá pàdé àgbà ńkọ́? A ó lu aago lẹ́ẹ̀mẹta, a ó tẹ orí ba lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, a ó pariwo pé "Ẹ kú ọdún o!", a ó sì kọjá. Inú àwọn àgbà kì í dùn sí i rárá. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń na ọ̀pá sí wa lẹ́bàá ọ̀nà: "Ẹ wo àwọn ọmọ tó ń kí bàbá wọn lórí ìjókòó! Ìwọ, ọmọ ta nì yẹn?" A ó sì tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó rí ojú wa. Ó ti di àṣà: bí àgbà bá ti na ọ̀pá, kí a yára sí i.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, àbúrò mi obìnrin, Àbẹ̀kẹ́, ní òun yóò bá wa lọ. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Ikọ́ fée ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti kékeré. Bí eruku bá pọ̀, tàbí èéfín, àyà rẹ̀ á há, èémí rẹ̀ á sì máa súfèé bí afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti gbé e sáré lọ sí ọsibítù tí a kò mọ̀ bóyá a ó gbé e bọ̀.

"Nínú afẹ́fẹ́ yìí?" ni ìyá wa wí. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé orí rẹ pé?"

"Ìyá mi, oṣù yìí ni mò ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ àwọn ẹlòmíràn ni mò ń wò. Ẹ jẹ́ kí n lọ lẹ́ẹ̀kan péré."

Èmi ni ìyá wa kọjú sí. "Ìwọ lo máa gbé e. Bí àyà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, kí ni wàá ṣe?"

"N óò dúró, Ìyá mi."

"Lójú ẹsẹ̀?"

"Lójú ẹsẹ̀."

Ìyá wa mú ìborùn rẹ̀, ó fi di orí àti imú Àbẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń di ọmọ tuntun. Mo fi aṣọ àlòkù tẹ́ kárìà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́ jókòó sórí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ó na apá gbá mi níbàdí mú, a sì jáde.

Kẹ̀kẹ́ méje ni wá. Ràúfù ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Àáfà, ló wà níwájú. Ẹ̀fẹ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹni tó gbẹ́rù, rọra o!" ni ó kígbe sí mi. "Mo gbọ́ pé ẹrù tìrẹ ń sọ̀rọ̀!"

"Bọ̀ọ̀dá Ràúfù," ni Àbẹ̀kẹ́ dáhùn láti inú ìborùn, "ẹ kọjú sí ọ̀nà. Ṣòkòtò yín ti kún fún afẹ́fẹ́, ẹ ó fò lọ sí Ìmínì kí ẹ tó mọ̀!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó gbà á lẹ́nu wa.

Mo ti rí ọyẹ́, ṣùgbọ́n n kò rí irú ti ọjọ́ náà rí. Iwájú wa ló ti ń bọ̀, ó sì ń gba ọ̀tún díẹ̀. Ó ń tẹ eèsún ẹ̀bá ọ̀nà dọ̀bálẹ̀, ó ń gbé eruku pupa sí wa lẹ́nu, wáyà tó wà lórí òpó sì ń ké bí ẹni tí ehín ń dùn. Bí a bá tẹ pẹ́dà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ìrìn ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la óò rí. Kí a tó dé Jọ́bẹ̀lẹ̀, fìlà ẹnìkan ti fò wọ inú ẹ̀gẹ́ olóko. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ mú un, ó di Ẹlẹ́sẹ̀-Nílẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbé ẹnìkejì dànù sínú kòtò. Ẹnìkẹta ní ojú ń ta òun, ó sọ̀ kalẹ̀. Bí a ṣe kúrò ní Jọ́bẹ̀lẹ̀, méjì tún sọ̀. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Mo yíjú, mo rí àwọn márààrún lẹ́yìn lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ wọn bọ̀. Èmi àti Ràúfù nìkan ló kù lórí ìjókòó.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ bí ọkàn ènìyàn ti rí. Níbẹ̀ yẹn ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, tín-ín-rín, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Mo sọ fún ara mi pé wáyà ni. Mo gbójú sókè wo wáyà náà kí ó lè dá mi lójú. Kò dá mi lójú, ṣùgbọ́n mo ń gun kẹ̀kẹ́ mi lọ.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan, Bọ̀ọ̀dá mi." Ó sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kejì kí ó tó já geere.

Lẹ́yìn oríta tí ènìyàn ń gbà lọ sí Akínmọ̀ọ́rìn, a rí bàbá kan lẹ́bàá ọ̀nà. Àgbẹ̀ ni, àdá wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ọ̀pá wà lọ́tùn-ún. Bí ó ti rí wa ni ó na ọ̀pá, ó sì ń ya ẹnu. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ìjì náà ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó ń gbé e dà sígbó.

"Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀!" ni Ràúfù wí. Ó lu aago lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ orí ba. "Ẹ kú ọdún o, Bàbá!"

Èmi náà lu aago. Ojú tì mí díẹ̀, n kò sì fẹ́ kí bàbá náà dá mi mọ̀. Mo tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀. Bàbá ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ó ń sáré, ọ̀pá ń fì lókè. Mo rò ó nínú ara mi pé, bàbá yìí mà lè bínú o.

Ẹni tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ lórí kárìà, ẹ̀yìn ni ojú rẹ̀ lè wò dáadáa. Àbẹ̀kẹ́ ń wo bàbá náà. Mo mọ̀ pé ó na ọwọ́ sí i, nítorí ọwọ́ kan kúrò níbàdí mi. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ẹnu sún mọ́ etí mi.

"Bọ̀ọ̀dá mi, bàbá yẹn kò bú wa. Ó ń fi nǹkan hàn wá. Ẹ wo àwọn àṣá lókè. Iná ni. Ẹ dúró."

Mo gbójú sókè. Àṣá mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, wọ́n ń yí lójú ọ̀run lápá ọ̀tún. Ta ni ọmọ àgbẹ̀ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀? Níbi tí iná bá ti ń jó igbó nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ ni àṣá ti ń dúró de ẹlẹ́ǹgà. Ṣùgbọ́n mo wo iwájú, mo rí ẹ̀yìn Ràúfù. Ó wà lórí kẹ̀kẹ́ síbẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí àwọn ẹlẹ́sẹ̀-nílẹ̀ márùn-ún.

Mo ní, "Dì mí mú dáadáa."

Ọ̀yà kan bẹ́ jáde láti ọ̀tún, ó ré títì kọjá gan-an níwájú táyà Ràúfù. "Ẹran ọdún!" ni Ràúfù kígbe. Òmíràn bẹ́, lẹ́yìn náà ehoro méjì. Ràúfù kò rẹ́rìn-ín mọ́. Eérú dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sára wa, ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. A sì gbọ́ ọ, ìró kan, bí ìgbà tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn bá ń fọ́ èèpo ẹ̀pà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀nà ti yà díẹ̀ báyìí, iná ni a rí. Ó ga ju eèsún lọ, ó ti gba ọ̀tún títì, ó ń tẹ̀ bọ̀ sójú ọ̀nà pẹ̀lú ìjì.

Èmi kọ́ ni mo dúró. Àbẹ̀kẹ́ ló bẹ́ sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì wó lù mí. Nígbà tí mo dìde, ó ti kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà, ìborùn ti bọ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, èémí kò sì wọlé. Ó ń súfèé. Kò sí wáyà kankan níbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká padà!" ni Ràúfù ń ké. A yíjú. Iná ti fo títì lẹ́yìn wa. Láàárín iná àti àwa, ẹnìkan ṣoṣo ló wà: bàbá náà. Ó ti sá tẹ̀ lé wa kí ọ̀nà tó dí, ẹ̀gbẹ́ kan bùbá rẹ̀ sì ń rú èéfín.

Kò bú wa. Kò tilẹ̀ wò wá. Apá òsì ọ̀nà ni ó kọjá sí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bo ọwọ́ rẹ̀ mọ́ inú fìlà, ó sì ṣá ìṣáná sí koríko bẹẹrẹ gbígbẹ.

"Bàbá!" Ràúfù gbá a lápá mú. "Iná wà lọ́tùn-ún, ẹ tún ń dá a sósì! Ẹ fẹ́ pa wá torí pé a kò sọ̀ kalẹ̀ kí yín ni?"

"Fi mí sílẹ̀, ọmọ yìí! Iná kì í jẹ ibi tó ti jẹ lẹ́ẹ̀mejì."

Bẹẹrẹ náà gbiná. Ìjì gbé iná kékeré yẹn, ó ń lé e lọ kúrò lọ́dọ̀ wa sí ìsàlẹ̀, ilẹ̀ dúdú sì ń ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń ká ẹní. Ìgbà náà ni ó yé mi. Ibi tí a ó dúró sí ni ó ń sun.

"Ẹ wọlé!"

"Síbo, Bàbá?"

"Sínú eérú! Gbé ọmọbìnrin yẹn! Ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀!"

Mo gbé Àbẹ̀kẹ́. Ilẹ̀ náà ń jó bàtà wa. Bàbá da omi inú ike tó so mọ́ ìbàdí rẹ̀ sára fìlà, ó fi bo imú àti ẹnu Àbẹ̀kẹ́, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ níbi tí èéfín kò ti pọ̀, ó sì na ara rẹ̀ lé e lórí. Èmi àti Ràúfù dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Iná ńlá fo títì. Ó dé etí ilẹ̀ dúdú náà, ó wá jíjẹ, kò rí, ó pín sí méjì, ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Ooru náà ń bó mi lọ́rùn. Ràúfù ń ka gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ, láìsí ẹ̀fẹ̀ kankan. Èmi ò lè gbàdúrà. Èémí Àbẹ̀kẹ́ ni mò ń kà: ó wọlé, ó jáde, ó dúró. Ó dúró pẹ́. Ó wọlé.

Nígbà tí èéfín fúyẹ́ díẹ̀, bàbá jókòó, ó ń hú ikọ́. Ràúfù béèrè pé kí ló mú un wọnú iná tẹ̀ lé àwọn tó ṣàfojúdi sí i. Ó fi ẹnu tọ́ka sí Àbẹ̀kẹ́.

"Ẹ̀yin méjì kọjá lára mi bí ewúrẹ́. Ọmọ yìí nìkan ló na ọwọ́ sí mi. Mo ní bóyá ó ti gbọ́, pé ẹ óò dúró. Ẹ kò dúró."

N kò lè gbójú wò ó.

Àwọn márùn-ún tó ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Òfin kò dè wọ́n mọ́, nítorí náà wọ́n rí iná àti ọ̀pá bàbá náà lókèèrè, wọ́n dúró. Àwọn ló wá mọ́tò tó gbé wa lọ sí ọsibítù, tí wọ́n sì ránṣẹ́ sílé.

Ìyá wa dé pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo lára. Ó gbá orí ìbùsùn Àbẹ̀kẹ́ mú, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kí ó tó yíjú sí mi. Ohùn rẹ̀ kò ga.

"Ṣé kò sí ẹnikẹ́ni tó kìlọ̀ fún yín ni?"

Mo ya ẹnu. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ kan mú, Àbẹ̀kẹ́ ti ń sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan, èémí kan.

"Bàbá kan pè wá, Ìyá mi. Afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Bọ̀ọ̀dá mi kò gbọ́."

Ìyá wa mí kanlẹ̀. Ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Afẹ́fẹ́ kò ní ọ̀gá." Mo pa ẹnu mi dé. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ kò kú. Gbogbo yín ló mọ̀ ọ́n, òun ló rán aṣọ ọdún fún ìdajì yín. Ṣùgbọ́n dókítà ní àyà náà kò lè dúró nídìí ṣọ́ọ̀kì àti eruku kíláàsì mọ́. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà. Ẹ ti gbọ́ ọ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìwé lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láìfi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan kan sára ògiri. Ẹ rò pé bó ṣe wù ú ni.

Ẹgbẹ́ wa kò gun kẹ̀kẹ́ gbafẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀kadà dé, a sì fi í ṣe àwáwí. Ìyá wa lo ọjọ́ rẹ̀ pé láyé, ó sì máa ń sọ ìtàn iná náà fún àlejò, bí afẹ́fẹ́ ṣe gba ọ̀rọ̀ mọ́ bàbá àgbẹ̀ lẹ́nu. Bí ó bá dé ibẹ̀, èmi a máa dìde, bí ẹni tó fẹ́ lọ mu omi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá Àbẹ̀kẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Ó gé òwú lẹ́nu, kò gbójú sókè. "Kí lẹ fẹ́ sọ, Bọ̀ọ̀dá mi? Ìyá ti lọ. Ẹ fi í sílẹ̀."

N kò lè fi í sílẹ̀. Lóòótọ́ ni afẹ́fẹ́ gba ohùn bàbá yẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu Àbẹ̀kẹ́ wà ní etí mi, ó gbóná, ó ní kí n dúró. Mo gbọ́ ọ.